Goth ní Ìlọrin: etí ni kó o kọ́kọ́ fi ṣe é

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní Tanke lò ń gbé, orin goth ti wọ̀ ẹ́ lára, o sì fẹ́ máa múra bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní ẹgbẹ́ òkùnkùn lo fẹ́ wọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nílùú yìí. Jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi ti rí.

Orin ni goth kó tó di aṣọ. Ìlú Ọba ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí orin pọ́ńkì kò tẹ́ lọ́rùn mọ́. Ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Bauhaus gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1979. Siouxsie and the Banshees àti The Cure náà wà níbẹ̀, nígbà tó sì di 1982, ilé ijó tí wọ́n ń pè ní Batcave ṣílẹ̀kùn ní Soho, ní London. Gbọ́ wọn dáadáa. Gbọ́ bí gìtá báàsì ṣe máa ń ṣíwájú, tí ohùn akọrin á wá máa bọ̀ láti ẹ̀yìn bíi pé inú kànga ló wà. Aṣọ nìkan kò lè bá ẹ dáhùn nígbà tí wọ́n bá ní kí lò ń ṣe.

Bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ kó o tó wọ ohunkóhun. Èmi ti íápíìsì bọ màámi létí níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "Arò ni wọ́n ń dá yìí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń bá mi ṣàlàyé fún àwọn ará ilé.

Ẹ̀rù tó ń ba ìyá rẹ kì í ṣe ẹ̀rù lásán o. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ti pa ara wọn ní Ìlọrin rí. Nítorí náà, má dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì, má so aṣọ mọ́ ọrùn ọwọ́, má sì fi agbárí kọ́rùn rìn lálẹ́. Àwọn agbófinró ti dá mi dúró rí, wọ́n tú fóònù mi yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́; káàdì ibi iṣẹ́ mi ló yọ mí. Kódà ní Ìlú Ọba tí goth ti ṣẹ̀, wọ́n lu ọmọbìnrin goth kan tó ń jẹ́ Sophie Lancaster pa ní 2007 nítorí bó ṣe múra.

Aṣọ dúdú fúnra rẹ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú níbí. Àwọn ẹlẹ́hàá ń wọ̀ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, àbáyà dúdú sì kún ìgboro. Ṣéènì àti agbárí ni wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Bùbá dúdú olówùú ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí oòrùn ìlú yìí kò bá ọ̀rá ṣeré.

Ní ti ojú, mo mọ̀ pé tìróò ló máa kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn. Òjé pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, má lé e lójoojúmọ́, má sì jẹ́ kó kan ọmọdé. Pẹ́ńsù ojú ni kó o rà. Nu ìpénpéjú gbẹ, fi páúdà díẹ̀ tẹ́ ẹ, fa pẹ́ńsù, kó o wá fi ìka tẹ páúdà dúdú lé e lórí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ooru oṣù kẹta á fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá sì ní ojú rẹ gbọ́dọ̀ funfun, má dá a lóhùn. Mo mọ ọmọbìnrin tó tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bóra, ó dùn mí wọra. Ara dúdú ló ń gbé ètè aláwọ̀ àlùkò yọ jù.

A ò pọ̀. Orí WhatsApp la ti ń rí ara wa, àwọn kan wà ní Ọ̀fà, àwọn kan ní Òmù-Àrán. Goth kò ní olórí, kò ní ìbúra, kò ní owó ìwọlé. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ ẹ, tàbí tó ní kó o wá pàdé òun lálẹ́, dínà mọ́ ọn kíá. Ọ̀sán gangan la máa ń pàdé ẹni tuntun, níbi tí èrò wà.

Tó o bá ti bá màmá rẹ sọ ọ́, wá kọ ohun tí wọ́n sọ síbí, ká jọ wo ibi tó kù.