Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, lọ́rì àti katakata nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: èsì mi fún ẹ̀gbọ́n tó wa tírélà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtidé o. Ẹ ní ẹ ti wa tírélà láti Àpápá dé Kano fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìyàwó yín dé Lincolnshire, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá láísẹ́ǹsì Nàìjíríà yín lè gbé yín wọ iṣẹ́ lọ́rì, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ máa wa katakata ní oko tó ń wá òṣìṣẹ́ ní àdúgbò yín. Lọ́rì ni mò ń wà jẹun níbí. Ọ̀nà tí ẹ dúró sí yẹn lèmi náà gbà kọjá, kò sì rọrùn.

Ti lọ́rì, rárá ni. Ẹni tó bá ti di olùgbé níbí, mọ́tò kékeré nìkan ni láísẹ́ǹsì Nàìjíríà gbà á láyè láti wà, èyí tí ìwúwo rẹ̀ kò ju 3,500 kg lọ, tí ìjókòó èrò rẹ̀ kò sì ju mẹ́jọ lọ, fún oṣù 12 péré. Kíláàsì G tí FRSC fi sára káàdì yín fún tírélà kò lágbára níbí. Wọn kì í sì í gba káàdì wa kí wọ́n fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. South Africa wà lára àwọn tí DVLA, àjọ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì níbí, ń ṣe pàṣípààrọ̀ fún, Zimbabwe náà wà níbẹ̀. Àwa kò sí. Ó dun èèyàn tó ti fi títì jẹun láti ìgbà èwe, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ oṣù 12 yẹn gidigidi. Ọjọ́ tí ẹ di olùgbé ni wọ́n ti ń kà á. Bí ẹ bá lọ sílé lọ ṣọdún kí ẹ tó padà, kò tún un bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìwakọ̀ àgbáyé tí àwọn kan ń rà wá láti ilé kò fi ọjọ́ kan kún un. Bí káàdì Nàìjíríà yín bá sì kú kí oṣù 12 tó pé, àyè náà ti bá a lọ. Mo mọ àwọn arábìnrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ojúlé dé ojúlé: bí oṣù kẹtàlá ṣe wọlé, iṣẹ́ bọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè gbé mọ́tò fún wọn mọ́. Ẹni tó bá sì ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, ìńṣọ́ránsì lè má dá a lóhùn, ọlọ́pàá lè gbé mọ́tò náà lọ, ó kéré tán póíǹtì ìjìyà mẹ́fà lórí láísẹ́ǹsì ni àìní ìńṣọ́ránsì máa ń mú wá. Póíǹtì yẹn kì í dúró sẹ́yìn bí ẹ bá gba láísẹ́ǹsì tuntun. Ẹni tó bá gba mẹ́fà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó yege ìdánwò ìwakọ̀, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì náà padà.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ béèrè fún provisional, ìyẹn láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ ìwakọ̀, lórí ìkànnì ìjọba fúnra rẹ̀. Àwọn ìkànnì tó jọ ti ìjọba pọ̀ tí wọ́n ń gba owó lé owó. Ìdánwò kọ̀ǹpútà ti mọ́tò kékeré jẹ́ ìbéèrè 50, ẹ gbọ́dọ̀ gba 43. Fídíò ewu ojú títì sì wà, 44 nínú 75. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ògbufọ̀ láti 2014. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín jókòó ṣe é, ẹ sá. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń san án.

Ìgbà tí láísẹ́ǹsì mọ́tò kékeré bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni ẹ tó lè béèrè fún ti lọ́rì, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù D2 àti D4. Dókítà ló máa kún D4, owó ara yín lẹ sì máa san. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń kọsẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ti òkè bá ń wà ní 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, tàbí ti ìsàlẹ̀ ní 100, DVLA kò ní fún yín títí yóò fi wálẹ̀. Ẹ lọ wọn tiyín báyìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn bí ó bá yẹ, ẹ má dúró di ọjọ́ fọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn náà ni Driver CPC, ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń wa lọ́rì jẹun gbọ́dọ̀ ní. Apá kìíní rẹ̀, ìbéèrè 100, ẹ gbọ́dọ̀ gba 85. Fídíò, 67 nínú 100. Apá kejì, 40 nínú 50. Ìwakọ̀ ló tẹ̀ lé e, àti ibi tí ẹ ti máa fi ẹnu àti ọwọ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń yẹ lọ́rì wò àti bí ẹ ṣe ń so ẹrù. Láti òpin 2021, ẹ lè gba C+E, ìyẹn ti tírélà, tààrà láì kọ́kọ́ gba C, ti lọ́rì tí kò fa tírélà. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ti mọ tírélà, ìyẹn ni mo gbà yín níyànjú láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yọ mí lẹ́nu jù: rìfáàsì. Nílé, mọ́tò-bọ́ì ló ń dúró lẹ́yìn, tó ń pariwo “máa bọ̀, máa bọ̀, gbà á sọ́wọ́ òsì!” Etí la fi ń ṣe rìfáàsì. Níbí, díńgí nìkan ni, àárín àwọn kóònù, ẹni tó ń dán yín wò ò sì ní sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ yín kò sọnù, àmọ́ ojú ló gbọ́dọ̀ rọ́pò etí. Bí kò bá dá yín lójú, wọ́n gbà kí ẹ dúró, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn. Ẹ lò ó, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ yín léèrè iye ìgbà tí wọ́n fàyè gbà.

Ti katakata ló dùn díẹ̀. Láísẹ́ǹsì mọ́tò kékeré ti ìlú yìí ní kátígọ́rì F nínú, katakata nìyẹn, kò sí ìdánwò mìíràn. Lórí ilẹ̀ oko tí kì í ṣe títì ìjọba, òfin láísẹ́ǹsì kò dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á ní kí ẹ gba ẹ̀kọ́. Bí oko bá ní kí ẹ fi lọ́rì rẹ̀ kó ọ̀dùnkún òun fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ìwakọ̀ ni olórí iṣẹ́ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò CPC, ṣùgbọ́n kátígọ́rì C ṣì jẹ́ dandan. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá katakata wọn máa ń gba títì lọ sí oko kejì. Ní Lincolnshire, ó sábà máa ń gba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, káàdì Nàìjíríà kọ́ ni mo máa fi dúró níwájú ọlọ́pàá lórí katakata.