Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìgbòkun, Ìtọ́kọ̀ àti Ọ̀nà Afẹ́fẹ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìtòsí adágún Eléyẹlé ni mò ń gbé ní Ìbàdàn níbí, mo sì máa ń rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ igi wọn. Nínú ilé wa, àwọn kan ń pe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà, àwọn mìíràn ń pè é ní ìtukọ̀. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, ó sì bi mí pé kí ni ìgbòkun, àti pé ṣé ẹni tí ó ta ìgbòkun ń wa ọkọ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye kí n lè dá a lóhùn.
Ìyá ọlọ́mọ, Eléyẹlé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ohun mẹ́ta ni ó ń gbé ọkọ̀ rìn lórí omi: apá ènìyàn, afẹ́fẹ́, àti ẹ́ńjìnnì. Àwọn apẹja tí ẹ ń rí ní Eléyẹlé ń lo apá. Wọ́n ń fi àjẹ̀ wa omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú, níbi tí omi kò bá sì ti jìn, wọ́n a fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ odò láti ti ọkọ̀. Èyí ni ọkọ̀ wíwà gan-an, kí mọ́tò tó dé tí a tún fi ọ̀rọ̀ náà pe ti orí ilẹ̀. Ìtukọ̀ gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń darí ọkọ̀ lórí omi, ìbáà ṣe àjẹ̀ ni ó dì mú tàbí ìtọ́kọ̀, èyíinì ni pákó ìdí ọkọ̀ tí a fi ń yí i, atukọ̀ ni. Nítorí náà, apá méjèèjì nínú ilé yín ni ó jàre.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ìgbòkun kò wa ọkọ̀. Ìgbòkun ni aṣọ gbàràmù tí a so mọ́ òpó ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kó sí i. A ń ta á bí a bá fẹ́ lọ, a sì ń ká a bí afẹ́fẹ́ bá le jù. Ọwọ́ atukọ̀ kò kan omi rárá. Okùn ni ó ń fà tí ó sì ń dẹ̀, ìtọ́kọ̀ ni ó sì ń yí. Èrò tèmi ni pé kí a fi ìyàtọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí iṣẹ́ méjèèjì kò gba ọgbọ́n kan náà.

Orí tí ọmọ yín kà dára púpọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, bí ẹ bá tún un kà pẹ̀lú rẹ̀ ní ojú iṣẹ́ atukọ̀. Ìjì láti àríwá ìlà-oòrùn kọlu ọkọ̀ tí ó kó ènìyàn 276, kò sì lè dojú kọ afẹ́fẹ́ náà, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa gbé wọn lọ. Ní òru kẹrìnlá, àwọn atukọ̀ fura pé ilẹ̀ kò jìnnà mọ́. Wọ́n sọ ìwọ̀n sínú omi láti mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní iwájú díẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti dín kù. Ẹ̀rù bà wọ́n pé ọkọ̀ lè forí sọ àpáta, ni wọ́n bá ju ìdákọ̀ró mẹ́rin láti ìdí ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gé ìdákọ̀ró kúrò, wọ́n tú okùn tí wọ́n fi de ìtọ́kọ̀, wọ́n ta ìgbòkun iwájú sí afẹ́fẹ́, wọ́n sì doríkọ èbúté. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣe yìí ni ó ní ìdí, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó sì lè tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 27 pẹ̀lú, wòlíì ya àwòrán ìlú Tírè bí ọkọ̀: igi kédárì láti Lẹ́bánónì ni òpó rẹ̀, igi óákù láti Báṣánì ni àjẹ̀ rẹ̀, aṣọ ọ̀gbọ̀ dáradára láti Íjíbítì sì ni ìgbòkun rẹ̀.

Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ti mọ inú ọkọ̀ onígbòkun láti ìgbà èwe rẹ̀, nítorí pé wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, wọ́n sì tà á sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nínú Bíbélì wa.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ rí ìgbòkun, ẹ mú un dé etí ọ̀sà ní Èkó tàbí Àgbádárìgì. Àwọn apẹja kan níbẹ̀ ṣì ń gán àpò ìrẹsì àti àpò sìmẹ́ǹtì pọ̀ di ìgbòkun. Wọ́n a ta á nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn wọn, wọ́n a sì fi ọ̀pá tàbí àjẹ̀ padà wálé.

ÌBÉÈRÈ: Mo wo ìdíje àwọn ọkọ̀ onígbòkun lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì rí i pé àwọn kan ń lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó ti ọkọ̀ sẹ́yìn, báwo ni ó ṣe ń gbé e lọ síwájú? Mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀.
Mẹkáníìkì kan, Dùgbẹ̀, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yín ni kí ó yà yín lẹ́nu. Ibi tí ẹ tọ́ka sí yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn jù.

Lóòótọ́, kò sí ọkọ̀ onígbòkun tí ó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ ní tààrà kí ó sì rìn. Bí atukọ̀ bá dán an wò, ìgbòkun yóò máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ọkọ̀ yóò dúró, afẹ́fẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Àmọ́ bí ó bá yí iwájú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní nǹkan bí dígírì 45 sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Aṣọ ìgbòkun yóò wú, yóò sì tẹ̀ kọrọdọ. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá yóò máa yára ju èyí tí ó ń gba inú rẹ̀ lọ, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ ní ẹ̀yìn yóò dín kù, ìgbòkun yóò sì máa fà sí apá ibẹ̀. Bí ìyẹ́ bàálù ṣe ń gbé bàálù sókè náà nìyẹn, àfi pé ìgbòkun dúró lóòró.

Ìfà yìí kì í ṣe síwájú nìkan o. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Níbí ni apá tí ojú kì í rí ti ń ṣiṣẹ́, èyíinì ni pákó tàbí irin pẹlẹbẹ tí ó ti abẹ́ ọkọ̀ wọ inú omi lọ ní òòró. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, omi kì í dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, omi yóò kọ̀ fún un. Ẹ mú kóró àgbálùmọ̀ tí ó ṣì ń yọ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là fún un láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: iwájú ni yóò ta sí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tì í láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ lókè àti omi nísàlẹ̀ ni ìka méjì tí ó fún ọkọ̀ náà.

Ẹni tí ibi tí ó ń lọ bá wà ní ọ̀gangan ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá yóò wá máa rìn ní kọ́lọkọ̀lọ. Yóò gba apá òsì lọ fún ìgbà díẹ̀, yóò yí iwájú ọkọ̀ gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá, ìgbòkun yóò ṣí bọ́ sí apá kejì, yóò sì gba apá ọ̀tún lọ. Ọ̀nà náà yóò gùn sí i: kìlómítà 10 yóò di nǹkan bí 14. Ohun mìíràn tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kọ́ ni ó ń mú ọkọ̀ sáré jù, nítorí bí ọkọ̀ bá ṣe ń yára tó ni afẹ́fẹ́ tí ń lé e yóò ṣe máa dín kù tó lára ìgbòkun. Afẹ́fẹ́ tí ó wá láti ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń mú ọkọ̀ yá.

Ìmọ̀ yìí kan ìtàn wa. Ní etíkun aṣálẹ̀ Sàhárà, afẹ́fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ni ó ń fẹ́, nítorí náà ọkọ̀ tí ó ti Pọtogí ń bọ̀ kò ní wàhálà. Àbọ̀ ni ó le. Gil Eanes, atukọ̀ Pọtogí kan, kọjá Bojador, ṣóńṣó ilẹ̀ kan ní etíkun aṣálẹ̀ náà, ní ọdún 1434. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn Pọtogí ń lo ọkọ̀ kékeré tí ìgbòkun rẹ̀ ní igun mẹ́ta, èyí tí ó lè sún mọ́ ojú afẹ́fẹ́ ju onígun mẹ́rin lọ. Wọ́n tún kọ́ láti yà sí àárín òkun bí wọ́n bá ń padà sílé, kí wọ́n lè bá afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn pàdé ní ìhà àwọn erékùṣù Azores. Ní ọdún 1472, wọ́n ti dé agbègbè Èkó. Ohun tí ó tẹ̀lé e fún àwọn ènìyàn wa kò ṣe é gbàgbé, ṣùgbọ́n kì bá tí rọrùn bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá mọ ọ̀nà àbọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń ka ìyára ọkọ̀ ojú omi ní nọ́ọ̀tì? Kí sì ni iná pupa àti iná àwọ̀ ewé tí ó wà lára rẹ̀ ń sọ?
Akẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Láyé àtijọ́, atukọ̀ a ju pákó kan tí ó so mọ́ okùn sínú omi. Okùn náà ní kókó ní nǹkan bí mítà 14.4 síra wọn, wọn a sì ka iye kókó tí ó bá kọjá lọ́wọ́ wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 28. Kókó yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “knot”, tí àwa sọ di nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan, máìlì òkun sì jẹ́ mítà 1,852.

Iná pupa wà ní òsì ọkọ̀, ti àwọ̀ ewé wà ní ọ̀tún, kí ẹni tí ó rí i lóru lè mọ ibi tí ó kọjú sí. Ìlànà àgbáyé ti ọdún 1972 sì sọ pé bí ọkọ̀ onígbòkun méjì bá fẹ́ pàdé, èyí tí afẹ́fẹ́ ń bá ní òsì ni yóò yà fún èyí tí afẹ́fẹ́ ń bá ní ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ apá kan náà ni afẹ́fẹ́ ti ń bá àwọn méjèèjì, èyí tí ó wà ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni yóò yà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ṣé ará òkè bíi tèmi lè kọ́ bí a ṣe ń tu ọkọ̀ onígbòkun?
Bàbá kan, Òjé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè kọ́ ọ, bàbá wa, bí ara yín bá le. Omi tí ìlú ń mu ni adágún Eléyẹlé àti Aṣẹ́jirẹ, nítorí náà ọ̀sà Èkó ni mo máa darí yín sí, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣeré wà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó lórí omi, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí ó má sì yà yín lẹ́nu bí olùkọ́ yín bá mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ kékeré dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Yóò kọ́ yín láti di ọkọ̀ mú láìfi í sílẹ̀, láti gun pákó abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwúwo ara yín fà á títí òpó yóò fi gbéra kúrò nínú omi. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò tó fọwọ́ kan okùn ìgbòkun.