Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ayé ń gbóná, Ààrẹ ń bọ èèyàn lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló dá lórí ohun kan: nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn, kí ló yẹ kí àwọn olórí gbájú mọ́ lójú ayé? A mú mẹ́rin nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kí ogun máa rú èéfín lókè òkun, kí àwọn olórí wá máa lọ síbi àpèjẹ, kí wọ́n máa polongo ìbò. Ṣé ojú kì í tì wọ́n ni? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ẹ fọwọ́ wọ́nú ná. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àpèjẹ yẹn gan-an niṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé jù: ọ̀rọ̀ Kúbà lọ́dún 1962.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, McGeorge Bundy tó jẹ́ olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò wọlé bá Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà ní yàrá tó ń sùn. Ó ní bàálù amí U-2 ti ya àwòrán ibi tí àwọn ará Soviet ń to míṣáìlì sí lápá ìwọ̀ oòrùn Kúbà, irú èyí tó lè gbé àdó runlérùnnà dé Washington. Kennedy ò fagi lé ohunkóhun nínú ètò ọjọ́ náà. Ó gba Walter Schirra, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òfuurufú dé, lálejò tìyàwó tọmọ. Ó bá àrẹ̀mọ ọba Líbíà jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì ó lọ polongo ìbò ní Connecticut. Nígbà tó di ọjọ́ 18, Gromyko, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Soviet, jókòó síwájú rẹ̀, ó ń fi dá a lójú pé ohun ìjà ìdáàbòbò lásán làwọn kó fún Kúbà. Àwòrán ti wà lọ́wọ́ Kennedy. Kò mú un jáde.

Ìdí ni pé bí Moscow bá mọ̀ pé àṣírí ti tú kí Washington tó pinnu ohun tó máa ṣe, Khrushchev, olórí Soviet, ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn, Amẹ́ríkà á wá di ẹni tó ń sá tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi àlejò gbígbà àti ìpolongo rà. Lọ́jọ́ kìíní, ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó yí i ká ni pé kí bàálù lọ fọ́ ibẹ̀. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, Kennedy ti gbà pé dídí ojú òkun Kúbà mọ́ ọkọ̀ tó kó ohun ìjà ló sàn. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kìíní ló ti gorí tẹlifíṣọ̀n, kò dá wa lójú pé ọ̀rọ̀ náà ì bá parí láìsí bọ́ǹbù.

Pípa á mọ́ kì í ṣe kékeré. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú bá tò sẹ́nu ọ̀nà White House lálẹ́, akọ̀ròyìn ti gbóòórùn nǹkan. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ 18, ńṣe làwọn olùdámọ̀ràn há ara wọn mọ́ mọ́tò kan ṣoṣo, mẹ́rin níwájú, mẹ́fà lẹ́yìn, bí ẹni wọ dánfó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ 20, Kennedy wà ní Chicago fún ìpolongo, ó sì di dandan kó padà. Pierre Salinger, agbẹnusọ rẹ̀, jáde sáwọn akọ̀ròyìn pé ọ̀fìnkìn ń ṣe Ààrẹ. Ìwọ̀n ìgbóná ara tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni 99.2 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìgbóná tí abiyamọ kankan ò ní torí ẹ̀ gbé ọmọ lọ ọsibítù.

Irọ́ nìyẹn ṣá, ó sì ní gbèsè tiẹ̀. Nínú oṣù kejìlá ọdún náà, Arthur Sylvester, agbẹnusọ iléeṣẹ́ ológun, sọ ní gbangba pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti purọ́ bó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tán lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ká dákẹ́, ká máa bá ètò lọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ká hùmọ̀ àìsàn, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ṣe tiẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 23, Khrushchev kó àwọn ìjòyè ìjọba lọ wo eré orin ní Bolshoi, ará Amẹ́ríkà kan sì wà lára àwọn tó ń kọrin níbẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ kí ará ilé àti àlejò rí i pé ọkàn àwọn balẹ̀. Khrushchev kan náà ló sùn tòun taṣọ lórí àga ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Kremlin lọ́kan nínú àwọn òru wọ̀nyẹn.

Báwo wá ni aráàlú ṣe máa mọ olórí tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń gbádùn ara ẹ̀? (Òǹkàwé láti Peckham, London)

Lójú ẹsẹ̀, ẹ ò lè mọ̀. Ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo àwọn tó kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹ sì wo bóyá ohun tó sọ ṣeé dì mú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22, ni Kennedy sọ̀rọ̀, ní aago méje alẹ́. Àmọ́ aṣojú rẹ̀, Dean Acheson, ti gbé àwòrán lọ bá de Gaulle, Ààrẹ Faransé, ní Paris ṣáájú. Ní aago márùn-ún, wọ́n pe àwọn olórí ilé aṣòfin. Àwọn kan níbẹ̀ bínú pé dídí ojú òkun ti rọ̀ jù. Ní aago mẹ́fà, Rusk, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, fi ọ̀rọ̀ náà lé Dobrynin, aṣojú Soviet, lọ́wọ́. Ìgbà tó ku wákàtí kan lẹni tí wọ́n ń bá wí tó gbọ́, aráàlú sì gbọ́ tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá yí ètò náà padà, tí ọ̀rẹ́ lọ gbọ́ ọ lórí rédíò bíi ti gbogbo ayé, ọ̀rẹ́ á bínú. Bí ọ̀tá bá sì gbọ́ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, á ti gbé ìgbésẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gba bí ìṣẹ́jú 18, ohun méje ló sì là sílẹ̀: ọkọ̀ tó bá kó ohun ìjà lọ Kúbà, wọ́n á dá a padà, ìṣọ́ láti òkè máa pọ̀ sí i, míṣáìlì yòówù tó bá ti Kúbà wá, Soviet ló jù ú, wọ́n á fi kún àwọn ọmọ ogun tó wà ní Guantánamo, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa pàdé, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà máa pàdé, Khrushchev sì lè kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀ láìsí ìtìjú. Ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn. Olórí tí kò bá fi ojú ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún ọ̀tá, ogun ló ń wá.

Wọ́n tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Lójú òfin àgbáyé, ẹni tó bá dí ojú òkun orílẹ̀-èdè mìíràn ti kéde ogun. Nítorí náà, quarantine, orúkọ tí wọ́n ń pe ìsémọ́ aláìsàn, ni wọ́n fún un, wọ́n sì dúró kí àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dìbò sí i lọ́jọ́ 23 kó tó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ 24.

Ohun tó fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni iṣẹ́ rírán. Lẹ́tà tí Khrushchev kọ lọ́jọ́ 26 gba bí wákàtí 12 kó tó dé Washington tán. Kí wọ́n tó fèsì, òmíràn tó le jù ú lọ ti dé lọ́jọ́ 27, ọjọ́ kan náà tí wọ́n já bàálù U-2 kan bọ́ ní Kúbà tí awakọ̀ rẹ̀, Rudolf Anderson, sì kú. Ìjáfara iṣẹ́ rírán yẹn ló bí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1963, pé kí okùn ìbánisọ̀rọ̀ wà láàárín olú ìlú méjèèjì. Kì í ṣe fóònù pupa tí wọ́n ń fi hàn nínú sinimá o. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà ni.

Bàbá mi gbé London lọ́dún 1979. Wọ́n ní Callaghan, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ pé "Wàhálà? Wàhálà wo?", ìyẹn ló sì lé e lórí oyè. Ṣóòótọ́ ni? (Òǹkàwé láti Abẹ́òkúta)

Kò sọ ọ́. Ìwé ìròyìn The Sun ló fi ṣe àkọlé. Ìpàdé àwọn olórí mẹ́rin ní Guadeloupe ni Callaghan lọ, òun, Carter ti Amẹ́ríkà, Giscard ti Faransé àti Schmidt ti Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì jíròrò ọ̀rọ̀ ohun ìjà runlérùnnà níbẹ̀. Àmọ́ erékùṣù olóoru ni Guadeloupe, àwọn awakọ̀ akẹ́rù sì ń daṣẹ́ sílẹ̀ nílé nínú òtútù. Nígbà tó balẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní, ó ní òun ò rò pé ará ibòmíràn láyé máa gbà pé nǹkan ti dojú rú. Àṣìṣe rẹ̀ wà níbẹ̀: ojú ayé ló fi wo ọ̀rọ̀ tí ebi rẹ̀ ń pa ará ilé. Ìbò kan ṣoṣo, 311 sí 310, ló gbé ìjọba rẹ̀ ṣubú nílé aṣòfin lóṣù kẹta.

Níbí ńkọ́? Ṣé Ààrẹ Nàìjíríà lè dá kó ọmọ ogun lọ bá orílẹ̀-èdè mìíràn jà? (Òǹkàwé láti Ìlọrin)

Rárá, àyàfi lọ́nà kan tó tóóró. Abala karùn-ún ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́, ní ìsọ̀rí kẹrin, pé ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ kí wọ́n tó lè kéde ogun, ọmọ ogun ò sì gbọdọ̀ lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìsọ̀rí karùn-ún ni ọ̀nà tóóró yẹn: bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, Ààrẹ lè fikùn lukùn pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ààbò kó sì rán wọn lọ fún ìjà tó ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ méje tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ó gbọ́dọ̀ wá gbàṣẹ, ilé aṣòfin àgbà sì ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí kọ̀.

Ọdún 2023 fi hàn wá bó ṣe ń rí. Àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum ní Niger lọ́jọ́ 26 oṣù keje. Lọ́jọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS, tí Tinubu ṣe alága wọn nígbà náà, pàdé l'Ábújá, wọ́n fún àwọn ológun náà ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá Bazoum padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn lè lo agbára. Ọ̀sẹ̀ náà ti fẹ́ pé kí lẹ́tà tí Ààrẹ fi tọrọ àṣẹ láti rán ọmọ ogun lọ tó dé iwájú ilé aṣòfin àgbà. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹjọ, wọ́n ṣèpàdé ìdákọ́ńkọ́, wọ́n sì ní kó lọ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu: ìpínlẹ̀ méje l'Áríwá ló bá Niger pààlà. Ọjọ́ pé, ọmọ ogun kankan ò lọ. Lójú tiwa, ohun tó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Ẹni tó bá fẹ́ dá gbèdéke lójú ayé, kó ti ka orí àwọn tó máa bá a dìbò nílé kó tó la ẹnu.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé wọ́n já iná tí Nàìjíríà ń fún Niger, wọ́n ti ibodè Jibia àti Ìllélà, ọkọ̀ akẹ́rù sì tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Malanville nílẹ̀ Benin. Ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024 ni ECOWAS tó ká ọ̀pọ̀ nínú ìjìyà náà kúrò, nígbà tí Niger, Mali àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn ò ṣe ẹgbẹ́ mọ́.

Bí wọ́n bá tún ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nílé aṣòfin àgbà, ẹ tẹ́tí sí ìsọ̀rí tí Ààrẹ dì mú. Bó bá jẹ́ ìkẹrin, àṣẹ ló ń tọrọ. Bó bá jẹ́ ìkarùn-ún, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ ogun ti wà lójú ọ̀nà.