Kí o tó yá owó gba gbọ̀ngàn fún kíláàsì Verilog rẹ

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọdún kejì rèé tí o ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Verilog, èdè tí a fi ń ya chip lórí kọ̀ǹpútà, ní Yaba, pé àwọn méjìlá ló ń wá, pé o sì fẹ́ yá owó gba gbọ̀ngàn ńlá kí o ra ọgbọ̀n bọ́ọ̀dù FPGA, ìyẹn chip tí ènìyàn lè tún tò bó ṣe fẹ́ láti fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, kí ilé-iṣẹ́ náà lè tètè dàgbà. Jọ̀ọ́, má tíì yá owó yẹn. Irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí jẹ́ ní Bristol, ní England níbí.

Ọdún 2009 ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìlú chip ni Bristol. Láti 1978 tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ Inmos sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe chip tí wọ́n ń pè ní transputer, àwọn tó ń yà chip kò tíì tán níbí. Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ya wọlé. Owó tí èmi àti ìyàwó mi ń tọ́jú láti fi san àsansílẹ̀ ilé ni mo fi ra ogún bọ́ọ̀dù. Ènìyàn mẹ́fà ló wá sí kíláàsì àkọ́kọ́.

Pé wọ́n jẹ́ mẹ́fà kọ́ ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa nínú simulation, ìyẹn ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ tó bá ti wà lórí bọ́ọ̀dù, á lo wákàtí mélòó kan, á wá ṣàdédé ṣìnà. Clock méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìlù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àwọn apá chip ń bá rìn. Mo ní kó to flip-flop méjì, ohun kékeré tó ń di 0 tàbí 1 mú, tẹ̀léra níbi tí signal ti ń ti ọ̀dọ̀ clock kan bọ́ sí ìkejì, kí èyí àkọ́kọ́ lè ráyè pinnu bóyá 0 ni tàbí 1. Ó ní òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Bit mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, ló ń kọjá pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní flip-flop méjì tirẹ̀. Wọn kì í jọ dé. Àwọn kan á dé lónìí, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù á dé lọ́la, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́ á wá jáde lódì kejì. Gray code, ọ̀nà ìkọ nọ́ńbà tó jẹ́ pé bit kan ṣoṣo ló ń yí lẹ́ẹ̀kan, tàbí FIFO, ìlà tí ohun tó kọ́kọ́ wọlé ti ń kọ́kọ́ jáde, ló yẹ kí n dárúkọ fún un. Ẹni tó ti jìyà rẹ̀ nídìí iṣẹ́ rí ì bá sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Inú ìwé ni èmi ti kà á.

Ṣé wàá mú ọmọ rẹ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tí kì í rán aṣọ?

Mo ti kíláàsì pa. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gba iṣẹ́ àdéhùn. Àyẹ̀wò chip ni mò ń ṣe, kí àwòrán rẹ̀ tó lọ sí fáktírì. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kíláàsì kì í fọwọ́ kàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ àkókò ju yíyà rẹ̀ lọ. Chip tó ti jáde kò ṣe é tún ṣe bíi sọ́ọ̀fítíwià. Ní 1994, àwọn nọ́ńbà kan sọnù nínú àtẹ nọ́ńbà tí Pentium, chip kọ̀ǹpútà ti Intel, fi ń pín nọ́ńbà, ó sì ná Intel ní 475 mílíọ̀nù dọ́là. Ìtàn yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dòní.

Nígbà tí mo padà dé, mo da ìdajì ìwé tí mo fi ń kọ́ni nù, mo fi àwọn àṣìṣe tí mo fojú ara mi rí rọ́pò rẹ̀, láì dárúkọ oníṣẹ́ kankan. Ibẹ̀ ni ìdàgbàsókè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì pè mí pé kí n wá kọ́ ènìyàn mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ṣe é, n kò san owó gbọ̀ngàn. Owó ọjọ́ márùn-ún yẹn ju ohun tí mo rí ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ lọ.

Látìgbà náà, olùkọ́ tí mo bá gbà gbọ́dọ̀ fi oṣù mẹ́rin nínú ọdún ṣiṣẹ́ chip gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oníbàárà ti gba olùkọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí òfin yìí. Ó dùn mí dọ́kàn, mi ò sì yí i padà. Ibi iṣẹ́ la ti mọ̀ pé UVM, ìlànà kan fún àyẹ̀wò chip, ń bọ̀, nígbà tó jáde ní 2011, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó béèrè rẹ̀.

Ti bọ́ọ̀dù: nígbà tí wọ́n sé gbogbo ìlú mọ́lé ní 2020, inú páálí ni tèmi wà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la gbé kíláàsì lọ, a pín ọjọ́ márùn-ún sí ààbọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá, torí ojú kò lè wo skríìnì fún wákàtí mẹ́jọ. Àwọn sọ́ọ̀fítíwià tí a fi ń ṣiṣẹ́ Verilog, bíi Icarus Verilog, Verilator àti Yosys, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sì lè gbé wọn, tí NEPA bá tiẹ̀ mú iná lọ. Bọ́ọ̀dù márùn-ún ti tó àwọn méjìlá rẹ.

Iṣẹ́ ni kó o wá báyìí. Bí kò bá sí ẹni tó máa gbé e fún ọ, mú Ibex, àwòrán ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo èdè àṣẹ RISC-V, tí àjọ lowRISC ń tọ́jú ní gbangba, kí o jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta, kí o máa kọ àyẹ̀wò fún un. Àṣìṣe tí o bá rí, jábọ̀ rẹ̀ fún wọn, àwọn ẹnjiníà gidi á sì dá ọ lóhùn lórí iṣẹ́ rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbé clock méjì àti bit mẹ́jọ yẹn síwájú àwọn méjìlá tó wà lọ́wọ́ rẹ, má sì sọ ìdáhùn fún wọn. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ti tó fún un.