Ta ló gba ìdíje tẹ́níìsì Èkó ọdún 1976?

Àbúrò, o ní wọ́n sọ fún ọ pé ìdíje tẹ́níìsì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí wọ́n gbá ní Èkó lọ́dún 1976 kò lẹ́ni tó gbà á, nítorí pé àwọn sójà tú u ká. Wọ́n tú u ká lóòótọ́, àmọ́ ẹnì kan gbà á. Dick Stockton, ọmọ Amẹ́ríkà, ni. Ó na Arthur Ashe ní 6-3, 6-2 nínú àṣekágbá, ṣùgbọ́n Caracas ní Venezuela ni wọ́n ti gbá a, kì í ṣe Oníkan ní Èkó.

Abẹ́ World Championship Tennis ni ìdíje náà wà, ètò tí Lamar Hunt láti Texas ń náwó lé lórí. Lagos Lawn Tennis Club ní Oníkan, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1895, ló gbàlejò rẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n kó wá: Ashe tó wà níbẹ̀ yẹn ló na Jimmy Connors tó fi gba Wimbledon 1975. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kejì, Dimka, sójà tó fẹ́ fipá gba ìjọba, àtàwọn èèyàn rẹ̀ pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ìdíje dúró. Ìlú ṣì ń ṣọ̀fọ̀ nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ashe àti Jeff Borowiak ń gbá ìpele tó kángun sí àṣekágbá lọ́wọ́ ni sójà gbé ìbọn wọ pápá, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde. Ibẹ̀ ni ìtàn tó o gbọ́ dúró sí. Oṣù Kẹta ni wọ́n tó parí ìyókù ní Caracas.

Ohun tó ń da àwọn tó ń wádìí láàmú nìyí: orúkọ Èkó àti oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ fi èsì náà sí. Tí o bá wá a nínú ìwé ìròyìn oṣù Kejì, o ò ní rí i. Tí o bá kọ ọ́ sílẹ̀, fi kún un pé Caracas ni wọ́n ti parí rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà.

Ìbàdàn níbí náà lo ti lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ. Láti 1950 ni òfin ti ní kí wọ́n máa fi ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tó ń jẹ́ Kenneth Dike Library. Béèrè Daily Times, kí o sì béèrè Tribune àti Sketch tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn yìí nígbà náà. Orúkọ ìwé ìròyìn, oṣù àti ọdún ni kí o sọ fún wọn. Má sọ pé "tẹ́níìsì" lo ń wá. Bẹ̀rẹ̀ láti 9 oṣù Kejì títí dé 21, kí o tó bọ́ sí oṣù Kẹta. Láti ọjọ́ kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ Murtala ló gba iwájú, nítorí náà ẹ̀yìn ìwé ni kí o lọ, kí o sì máa wo àwọn ìròyìn kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀. Ìròyìn ìdíje máa ń pẹ́ ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìwé ìròyìn tó ti gbó máa ń ya níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, torí náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ojú ìwé láti òkè. Tí wọ́n bá gbà kí o ya fọ́tò, ya orí ìwé tó ní orúkọ àti déètì pọ̀ mọ́ ìròyìn náà. Fọ́tò tí kò ní déètì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìdíje Èkó ò kú lọ́dún yẹn o. Ó wọ Grand Prix, ètò ìdíje ńlá àgbáyé: Kjell Johansson ará Sweden na Robin Drysdale gbà á lọ́dún 1978, Hans Kary sì na Peter Feigl lọ́dún 1979, ọmọ Austria làwọn méjèèjì. Ṣọ́ra pẹ̀lú Johansson yẹn: ará Sweden mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìlú-mọ̀ọ́ká nínú tẹ́níìsì orí tábìlì, àwọn èèyàn sì máa ń da ìtàn wọn pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdíje Èkó sọ̀kalẹ̀ sí ìpele Challenger, tó kéré sí ìyẹn. Governor's Cup tí wọ́n ń gbá ní Oníkan lẹ́yìn náà, ìdíje mìíràn ni, abẹ́ ITF, àjọ tẹ́níìsì àgbáyé, ló wà.

Lójú tèmi, owó ló pa ìdíje ńlá Èkó níkẹyìn. Dọ́là ni wọ́n ń san fún àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì, náírà sì ni onígbọ̀wọ́ ní lọ́wọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986, iye náírà tí wọ́n fi ń ra dọ́là kan náà di ìlọ́po. Ó dùn mí gan-an, torí àsìkò yẹn la ní àwọn tó lè gbá a. Nduka Odizor tó na Guillermo Vilas ní Wimbledon 1983 lẹ́yìn tó ti pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, tó tún gba ife Taipei lọ́dún kan náà, òun àti Tony Mmoh ló lọ Òlíńpíìkì Seoul 1988. Irú wọn ni ìdíje ńlá nílé ń fún ní àǹfààní láti gba póńtì tí wọ́n fi ń to ipò àwọn agbátẹ́níìsì lágbàáyé láìra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù.