Ẹ Bi Tíṣà: Ọmọ mi ní ilé làwọn máa jókòó sí bí ìjì bá dé

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì ń gbé ní Tampa, ní Florida. Ó ti sọ fún mi pé bí ìjì ńlá bá tún fẹ́ jà lọ́dún yìí, àwọn ò ní sá lọ síbì kankan, àwọn á kàn tilẹ̀kùn mọ́rí ni. Látìgbà yẹn ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́fun mi mọ́. Ṣé kí n pàṣẹ fún un pé kó kúrò níbẹ̀ ni? – Ìyá Ìbejì, Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àárò ọmọ. Ẹ má tíì pàṣẹ. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé zone wo ni ilé wọn wà. Ìjọba ibẹ̀ ti fi A, B, C pín àwọn àdúgbò tí omi òkun lè ya wọ̀, A sì ni omi ń kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá ní kí zone tirẹ̀ kúrò, tó wá ní òun ò lọ, ẹ fi ọyàn tó mu lára yín bẹ̀ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ ilé onípáànù tó ṣeé fi ọkọ̀ fà ni wọ́n ń gbé, kí wọ́n kúrò, zone yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù tó dúró dáadáa, tí omi ò lè dé ibẹ̀, ọmọ yín ò ya aláìgbọ́n.

Omi ni mo ń tẹnu mọ́, torí atẹ́gùn làwa níbí mọ ìjì sí. Ìjì oṣù kẹta tiwa á ṣí páànù, á wó igi máńgòrò, á sì bá tirẹ̀ lọ kó tó pẹ́. Tiwọn lè fi gbogbo òru jà. Kí wọ́n tó pè é ní hurricane, atẹ́gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan, á sì tún máa ti òkun wọ ìlú. (Ọ̀pọ̀ nínú wọn, apá ọ̀dọ̀ tiwa ní Áfíríkà yìí náà ni wọ́n ti ń gbéra.) Nígbà tí hurricane tí wọ́n pè ní Katrina jà lọ́dún 2005, àwọn kan ní ìlú New Orleans, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, sá gun òkè àjà, omi sì ká wọn mọ́bẹ̀.

Bí wọ́n bá máa dúró, kí wọ́n ní omi mímu tó bíi lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, ti ọjọ́ 3 ó kéré tán. Kí wọ́n rọ omi kún báàfù fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gàrí wà, kò béèrè iná. Pákó ni kí ọkọ rẹ̀ kàn mọ́ fèrèsé. Téèpù tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ò ṣe nǹkan kan. Bí atẹ́gùn bá le, kí gbogbo wọn kó sí yàrá àárín ilé tí ò ní fèrèsé. Bó bá sì dákẹ́ lójijì, kí ẹnikẹ́ni má sáré jáde lọ wo òrùlé o: ó lè jẹ́ àárín ìjì ló dé orí wọn, ìyókù ṣì ń bọ̀ láti òdìkejì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni jẹnẹrétọ̀, torí mo mọ àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń gbé e sí, ká má bàa jí i. Olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ò ní òórùn rárá, ojú oorun ló sì ti ń pa èèyàn. Lẹ́yìn tí ìjì ti lọ, tí iná ò tíì dé, ló ń pa wọ́n lọ́hùn-ún. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán 20 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé, kí ẹnu sáléǹsà má kọjú sí fèrèsé.

Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa pè é níṣẹ̀ẹ́jú ìṣẹ́jú lọ́jọ́ yẹn. Bátìrì tó fẹ́ fi gbọ́ ìkìlọ̀ lẹ ń jẹ. Kó yan ẹnì kan nínú ẹbí tí á máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí, torí ìyẹn máa ń lọ nígbà tí ìpè ò bá lọ, kí onítọ̀hún wá máa jíṣẹ́ fún yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì wọn, nítorí náà ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ zone yẹn lọ́sẹ̀ yìí.