Ọmọ yín tó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ dókítà nílé: ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ ní ọmọ yín ń parí girama lọ́hùn-ún, ó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ẹ sì béèrè bóyá ọdún 6 tó gbogbo rẹ̀. Ọdún 6 ni ti yunifásítì, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Àmọ́ dìgírì nìkan kò sọ èèyàn di dókítà tó lè dá ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀. Àwọn ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún. Àwọn kan ń gbà ju iye yẹn lọ, MDCN sì ti dá irú wọn dúró rí. Orí ọmọ ọlọ́mọ ni ìyà rẹ̀ ń já sí, torí ó lè kàwé tán kí wọ́n má búra iṣẹ́ dókítà fún un. Ẹ má jẹ́ kí alágbàtà kankan fi ẹnu dídùn tàn yín níbí.

JAMB ni ọ̀nà ìwọlé, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics. Ní ti ìwé ẹ̀rí Kánádà, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà, kí wọ́n sì fi lẹ́tà dá yín lóhùn.

Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ ni Anatomy (ẹ̀yà ara), Physiology (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) àti Biochemistry (kẹ́míkà inú ara) dé. Ọmọ á dúró ti òkú lórí tábìlì, formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, á máa ta á lójú, á sì máa wá iṣan kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò tó parí rẹ̀ le gan-an. Ẹni tó bá fìdí rẹmi léraléra, wọ́n á ní kó lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ sọ èyí fún un kó tó wá. Wọ́ọ̀dù ló kù fún ọdún 3: kó jókòó ti aláìsàn, kó gbọ́ ìtàn àìsàn náà lẹ́nu rẹ̀, kó fọwọ́ wo ikùn rẹ̀, kó tó lọ rò ó níwájú ọ̀gá. Aláìsàn pọ̀, ẹ̀rọ kò tó, nítorí náà ojú, etí àti ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ wa. Ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá á jìyà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá a sọ ọ́ nílé.

Lẹ́yìn ìbúra ni housemanship, iṣẹ́ dókítà lábẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn, oṣù 12. Owó oṣù wà níbẹ̀, àmọ́ rírí àyè lè pẹ́. Ìgbà tó bá parí ẹ̀ ni MDCN tó lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún, kí NYSC tó kàn.

Bó bá ń padà sí Kánádà, ìdánwò dókítà ti Kánádà, MCCQE Part I àti NAC, ń dúró dè é, kó tó wá àyè residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà nílé ìwòsàn lẹ́yìn dìgírì. Ẹ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nínú World Directory of Medical Schools, àkójọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ dókítà lágbàáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lónìí, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ nípa Kánádà sábẹ́ rẹ̀.